Ẹjọ́ Òpó àti Àpótí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Ọlọ́run tí ó fi ọ́ ṣe ọmọ àkọ́kọ́ nínú ilé wa. Mo gbàgbọ́ pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú àlàáfíà, pé ẹ̀fọ́rí tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ, àti pé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun, wọ́n sì ń sùn bí ó ti yẹ. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, a sì dúpẹ́. Ọkàn nìkan ni kò jókòó sójú kan. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń gbé kálámù tí mo tún ń gbé e sílẹ̀. Mo ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ti padà. Mo ti gbá àgbàlá tí ìyá yín ti gbá tẹ́lẹ̀, ó sì ti bi mí bóyá kò mọ́ tó lójú mi ni.

Mo mọ̀ pé o ń retí kí n pè ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀wé ni, nítorí pé lórí fóònù o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi: "Bàbá, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," nígbà tí n kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé kò ṣeé já lù. Fi sùúrù kà á dé ìparí, lẹ́yìn náà kí o wá bínú sí mi bí ó bá wù ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o rò pé n kò mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni pé àwọn àbúrò rẹ méjèèjì, Òpó àti Àpótí, ń bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ wọn kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, pé ọkọ̀ mi ni wọ́n gbé, àti pé ní kọ́nà títì ọkọ̀ náà yà bàrá, ó kọlu iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Obìnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń kó ọjà rẹ̀ wọlé lọ́wọ́. Pákó àti irin tí ó ń to búrẹ́dì lé wó lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn méjèèjì ti jáde nínú ọkọ̀ sójú títì. Wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé àwọn méjèèjì ti mutí kọjá ìwọ̀n. Ọlọ́pàá béèrè ẹni tí ó wakọ̀. Àpótí dáhùn pé, "Èmi ni." Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni mo gbà gbọ́. N kò tilẹ̀ ronú kan Òpó, nítorí láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ ní èṣí, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un pẹ̀lú ọtí lẹ́nu, n kò tún fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́.

Mo wá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti kó aṣọ àwọn akọrin ìjọ wa tí ó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Wọ́n gbà mí láyè. Lẹ́yìn tí mo kó aṣọ tán, mo rántí pé awò ojú mi wà nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, mo sì jókòó sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí kí n lè nawọ́ mú un. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi kò kan bíréèkì. Ìwọ fúnra rẹ ni o fún wọn ní ìnagijẹ yìí ní kékeré, tí o ní ọ̀kan gùn bí òpó, èkejì ṣe kúńdú bí àpótí ìjókòó, àti pé bí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, wọn yóò kan àjà. O mọ bí Àpótí ṣe máa ń fa àga yẹn síwájú títí àyà rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíà, tí a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbá ọkọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn ti tì í sẹ́yìn débi tí irin rẹ̀ kò lè lọ mọ́. Mo jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá kan fi wá béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ní mo ń sinmi ni.

Láti ibẹ̀, mo gba ilé ìwòsàn lọ láti tún bẹ obìnrin oníbúrẹ́dì náà wò. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, gbogbo rẹ̀ dì nínú sìmẹ́ńtì funfun. Ojú rẹ̀ kò le sí mi. Ó ní àwọn dókítà ti sọ fún òun pé ẹsẹ̀ náà yóò jinná, ṣùgbọ́n òun kò ní lè fi í dúró nídìí ààrò mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdúró ni gbogbo iṣẹ́ búrẹ́dì. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó bi mí ní ìbéèrè kan. "Bàbá, èyí gíga ló gbé irin kúrò lórí mi. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé, 'Ẹ dárí jì mí, mo ti pa yín.' Ṣé kì í ṣe èyí kékeré ló wakọ̀ ni?" Mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn, mo sì jáde.

Nígbà tí mo délé, ìyá yín ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo ní, "Òpó ló wakọ̀." Kò gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ náà kò dúró. Ó kàn ní, "Ta ló sọ fún yín?" Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé gbogbo ilé ló mọ̀, àyàfi èmi. Ó wá ròyìn gbogbo ètò tí o ṣe lórí fóònù fún mi: pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ tí ó mọ òfin ti sọ fún ọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n ni, pàápàá ẹni tí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹni tí wọ́n mú fún ìgbà àkọ́kọ́, ìtanràn ni, àti oṣù díẹ̀ láìwakọ̀, pé Òpó ní ìyàwó tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, Àpótí kò sì ní ẹnìkan lọ́rùn. Ó ní o kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí n gbọ́, nítorí bí Bàbá bá gbọ́, kí wọ́n tó kọ orin kejì nílé ìjọsìn ni yóò ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Inú mi bàjẹ́, àmọ́ n kò ní purọ́, ẹ̀rín pa mí díẹ̀. O mọ̀ mí.

Mo sọ fún ìyá yín pé a kò lè gbé ẹrù ẹni kan lé ẹlòmíràn lórí. Ó gé òwú pẹ̀lú eyín, ó wá wò mí. "Àwọn méjèèjì ni mo bí," ni ó wí. "Èwo ni kí n gbé fún wọn?"

Bóyá ǹ bá máa rò ó títí di òní bí kì í bá ṣe ti agbẹjọ́rò wa. Ó wá sílé, ó tú òfin náà fún wa. Ẹni tí ó bá ọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni ó sọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fara pa, lóòótọ́ ni ẹni tí wọ́n mú fún ìgbà àkọ́kọ́ ń san ìtanràn, tí yóò sì gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹnìkan bá ti di aláìlágbára nítorí ọmùtí awakọ̀, òfin kò béèrè mọ́ bóyá ìgbà àkọ́kọ́ ni tàbí ìgbà kẹwàá. Ẹ̀wọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń bọ̀, ìtanràn a máa tẹ̀lé e. Ó ní adájọ́ tí ẹjọ́ wa bọ́ sí lọ́wọ́ kì í sì í fọwọ́ kékeré mú irú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá Àpótí lẹ́bi, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ wọn kò ní jẹ́ kí ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì wọn mọ́ láéláé. O mọ iye ìgbà tí ọmọ yẹn ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ẹ̀kọ́ náà.

Agbẹjọ́rò kò mọ nǹkan kan nípa ètò yín. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ó lè dín ẹ̀wọ̀n náà kù ni kí ẹnìkan tí a bọ̀wọ̀ fún dìde níwájú adájọ́, kí ó sọ irú ọmọ tí Àpótí jẹ́. Ó wá yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀yin gan-an ni, Bàbá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹ kì í purọ́." Ìyá yín dìde, ó wọ yàrá lọ. Èmi jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí a kàn mọ́ àga. Ẹni tí ẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ni wọ́n wá ní kí ó wá fi Ìwé Mímọ́ búra.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó jẹun tán. Mo bá Àpótí sọ̀rọ̀ níbi tí ó ti ń fi pólíìṣì kun bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù yóò bà á nígbà tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ó ní agbẹjọ́rò ti sọ ọ́ fún òun. "Bàbá, mo ti gbà á. Òpó ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí èmi lè wọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibùsùn wọn kúrú níbẹ̀. Ó bá mi mu. Ẹsẹ̀ Òpó á máa yọ síta ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń kun bàtà rẹ̀ lọ. Mo rí i pé bàtà kan náà ni ó ti ń kùn láti ìgbà tí mo ti dé. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Mo lọ bá Òpó níbi tí ó ti ń gé gíláàsì fèrèsé. O mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe já fáfá tó lórí iṣẹ́ yẹn. Yóò fa ilà kan, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ́kẹ́, yóò sì já bí ẹni pé omi ni ó pín sí méjì. Lọ́jọ́ yẹn, gíláàsì mẹ́ta ni ó fọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé n kò wá béèrè ohunkóhun, mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe ni. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ọmọ rere ni Àpótí, n ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, láti ọkàn wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí bóyá òun ni ó wakọ̀, n kò ní sọ pé òun ni. Òpó ń wo gíláàsì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ pé ẹ ń ṣàìsàn. Ẹ kàn má lọ ni." Mo ní ara mi le. Ó ní, "Ọmọ mi ò tíì mọ̀ mí, Bàbá. Bí mo bá padà dé, á máa sá fún mi." Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní ọmọ a máa sá, a sì máa padà. Mo sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni a lọ sí ilé ẹjọ́. Yàrá náà kéré ju bí mo ti rò lọ, fáànù àjà rẹ̀ ń dún bí èyí tí ó fẹ́ já lulẹ̀. Àpótí dúró sínú pákó àwọn ẹlẹ́jọ́, pákó náà sì ga fún un débi pé orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ni a rí. Òpó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín, ó káwọ́ mọ́ àyà. Wọ́n pè mí. Mo búra. Agbẹjọ́rò bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, mo sì dáhùn gbogbo wọn láìkọsẹ̀: pé ọmọ náà jẹ́ olóòótọ́, pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé láti kékeré ni ó ti ń jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò. Agbẹjọ́rò jókòó, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń múra àtisọ̀kalẹ̀ nígbà tí adájọ́ fúnra rẹ̀ gbójú sókè.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti rí ọmọ mi yìí kí ó mutí kí ó sì wakọ̀ rí. Mo ní rárá, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Adájọ́ gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. "Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí ńkọ́, Bàbá?"

Àkọ́bí mi, n kò mọ bí mo ti pẹ́ tó níbẹ̀. Mo gbàdúrà kí fáànù yẹn já lulẹ̀ lóòótọ́. Mo wo Àpótí, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. N kò lè wo Òpó. Mo ti la ẹnu. Ohun tí ó fẹ́ jáde níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ bí ǹ bá ti gbé e.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá yín láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. Bí ó ti máa ń pè yín nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ ni ó ṣe pè é. Ó ní, "Òpó, dìde."

Ó sì dìde. Gbogbo gíga rẹ̀ ni ó dìde. Ó ní, "Olúwa mi, èmi ni mo wakọ̀." Àpótí fi ọwọ́ gbá pákó, ó ní irọ́ ni, ó ní kí wọ́n má dá a lóhùn. Adájọ́ pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Agbẹjọ́rò wa yọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ó ń nù ún kò sì dúró. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Òpó sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn mìíràn kan Àpótí, pé ó purọ́ fún ọlọ́pàá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mú lọ lọ́jọ́ náà, a sì ń retí ọjọ́ ìdájọ́.

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi ìyá yín léèrè ìdí tí ó fi ṣe é. Ó ní òun rí ojú mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fa ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́, ọmọ náà kò ní dárí jì mí títí ayé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, yóò dárí jì í.

N kò kọ gbogbo èyí láti fi ọ́ bú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú ọ ṣe ètò náà. Láti kékeré ni o ti ń dúró níwájú wọn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ nà wọ́n. Ṣùgbọ́n o ṣírò òfin, o kò ṣírò obìnrin oníbúrẹ́dì. Jọ̀wọ́, lọ bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí o bá wá sílé.

Kí Ọlọ́run bo ilé rẹ. Kí ó fún ọ ní ìsinmi tí èmi kò tíì rí. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ìbínú gba ibi tí ìfẹ́ wà láàárín ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni baba tí ó bí ọ, tí ó sì ń gbé orúkọ rẹ sọ́kàn nínú àdúrà,

Bàbá rẹ.

Àfikún: N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí ọjọ́ ìdájọ́ fi dé. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n dá fún Òpó. Bí ó bá jáde, yóò lo ọdún márùn-ún kí ó tó lè béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀, yóò sì máa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmùtí bí wọn yóò ṣe jáwọ́. Òun náà ni yóò ru ìnáwó ìwòsàn obìnrin náà. Adájọ́ ní òun ì bá fi kún un bí kì í bá ṣe pé ó dìde fúnra rẹ̀. Ìyá yín gbọ́ ọ, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Wọn kò rán Àpótí lẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kí ó máa fọ ilẹ̀ ní ẹ̀ka àwọn tí ọkọ̀ gbá nílé ìwòsàn láìgba owó. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin kò tíì sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ó ń kí mi láàárọ̀, kì í sì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti bẹ Òpó wò. Ìyá yín sọ fún mi pé o pè é, pé o sunkún, àti pé ojú ń tì ọ́ láti bá Òpó sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí pé kò mú sítíà. Èmi ni mo mú un. Ẹ ní kó kọ̀wé sí mi." Nítorí náà, kọ̀wé sí i. Nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fún un wà lẹ́yìn ìwé yìí. Wọ́n ní lẹ́tà tí kò bá ní in lára kì í dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kọ ọ́ kí ó hàn gbangba. Ṣùgbọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú.